Wọn ò fa àbúrò mi lé mi lọ́wọ́ títí mo fi dáhùn ìbéèrè: bí mo ṣe rí iṣẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda tó ń rìn lóru

Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà máa retí: ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún wọn, ẹyọ kan tí mo yọ yẹn náà nídìí, màá débẹ̀.

Àwọn tí mò ń sọ ni àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tó máa ń wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń tàn yòò yẹn, tí wọ́n máa ń rìn kiri àdúgbò tí kíláàbù àti ilé ọtí pọ̀ sí lálẹ́ Fúráìdé àti Sátidé, tí wọ́n ń wá ẹni tó mutí kọjá ààlà, ẹni tó sọnù, ẹni táwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti gbàgbé síbẹ̀, ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó ń dá sunkún. Wọn kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ èèyàn. Wọn kì í ṣe ọlọ́pàá, wọn kì í ṣe báńsà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kíláàbù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lójúmọmọ, tíṣà, awakọ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ìyá táwọn ọmọ ẹ̀ ti kúrò nílé. Tẹ́lẹ̀ tí mo bá rí wọn mo máa ń rò pé ìwé ni wọ́n fẹ́ pín fún èèyàn, màá yáa sọdá sí òdìkejì títì. Bí mo ṣe ń wò wọ́n nìyẹn kó tó di alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Fóònù mi dún, aago méjì òru ti kọjá díẹ̀, nọ́ńbà tí mi ò mọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí fóònù bá dún nírú àsìkò yẹn, kéèyàn tó gbé e àyà ẹ̀ á ti já. Obìnrin kan ló wà níbẹ̀, ohùn àgbà, ó rọra ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ má jáyà, àbúrò yín wà lọ́dọ̀ wa, kò fara pa, ọtí ló mu jù, fóònù ẹ̀ ti kú, nọ́ńbà yín nìkan ló mọ̀ lórí." Ó dárúkọ ara ẹ̀, ó ṣàlàyé ibi tí wọ́n wà, ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, ó wá ní kí n má sáré lójú títì o, pé àwọn ò ní kúrò níbẹ̀ títí màá fi dé. Mo ti ń wọ ṣòkòtò kó tó sọ èyí tó kẹ́yìn yẹn, kò tiẹ̀ wọ̀ mí létí dáadáa, ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé òun gan-an ni iṣẹ́ wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀rẹ́ àbúrò mi kan ń ṣọjọ́ ìbí, wọ́n pọ̀ tí wọ́n jọ lọ, bí wọ́n sì ṣe pọ̀ tó yẹn ló kó bá a, torí nígbà tó jáde síta lọ gba atẹ́gùn, kálukú rò pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ló wà. Ìgbà tó fi máa padà dé ẹnu ọ̀nà, kò lè nàró dáadáa mọ́. Báńsà ní kò ní wọlé, pé ó ti yó jù. Báàgì ẹ̀ wà nínú ilé, kóòtù ẹ̀ wà nínú ilé, àwọn tó bá a wá wà nínú ilé, fóònù tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ò ní ṣájì mọ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i, ẹni tó ti yó jù láti wọlé, ṣé kò yó jù láti dá wà níta lóru? Mo mọ̀ pé níbi púpọ̀ òfin ò gbà kí wọ́n ta ọtí fún ẹni tó ti yó, mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n kéèyàn má ta ọtí fún un mọ́ yàtọ̀ sí kéèyàn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó kéré tán wọ́n lè bá a pe ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ jáde. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí ni.

Nígbà tí mo débẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti tì. Wọ́n ti fi búláńkẹ́ẹ̀tì kan tó fẹ́lẹ́ tó ń dán bíi fàdákà wé e lára, bàtà gogoro ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹnì kan ti tò ó pọ̀ dáadáa, wọ́n ti wọ sílípáàsì fún un, sílípáàsì ọ̀hún tóbi jù ú lọ débi pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ ò sún mọ́ iwájú. Ìyá tó pè mí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí kọnkéré, ọwọ́ kan wà lẹ́yìn ọrùn ẹ̀ kí orí ẹ̀ má baà yẹ̀ sẹ́yìn, ọwọ́ kejì di ike omi mú, ó ń fún un mu díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń fún ọmọ kékeré lógùn. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, ọjọ́ yẹn ni mo fojú mi rí orí, tí mo sì rí ọwọ́ àgbà tó gbé e ró.

Mo sáré lọ bá a, mo ti na ọwọ́ láti gbé e. Ọkùnrin kan tó wọ irú jákẹ́ẹ̀tì yẹn ló rọra bọ́ sáàárín wa. Kò tì mí o, kò fọwọ́ kàn mí, ó kàn dúró síbẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ kú òru o sà, ta lẹ̀ ń wá?" Mo ní àbúrò mi nìyí. Ó ní kí lorúkọ ẹ̀, mo sọ ọ́, ó ní kí n fi orúkọ bàbá kún un, mo fi kún un. Ìyá yẹn náà gbé fóònù ẹ̀, ó tún pe nọ́ńbà tó pè lẹ́ẹ̀kan, àwọn méjèèjì ń wo àpò mi bóyá á dún. Ó dún. Ẹ rò pé ó tán nìyẹn? Ọkùnrin yẹn lóṣòó síwájú àbúrò mi, ó ní, "Ṣé o mọ ẹni yìí?" Àbúrò mi gbójú sókè, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi ni." Ó tún bi í pé, "Ṣé o fẹ́ bá a lọ?"

Inú bí mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo ní ṣé torí pé mo jẹ́ ọkùnrin ni àbí mo jọ gbọ́mọgbọ́mọ, ọmọ ìyá mi rèé, ẹ wá ń bi í bóyá ó fẹ́ bá mi lọ. Gbogbo bí mo ṣe ń pariwo yẹn ọkùnrin yẹn ò gbé ohùn sókè, ó kàn ní, "Ẹ má bínú sà, ẹ fún wa níṣẹ́jú kan péré." Ìgbà tí àbúrò mi fi ẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun fẹ́ bá mi lọ ni wọ́n tó yà fún mi, tí wọ́n bá mi dì í mú lápá ọ̀tún lápá òsì títí a fi dé ìdí mọ́tò.

Ìdí mọ́tò yẹn ni ìyá yẹn ti ṣàlàyé fún mi. Ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kó dùn mí, pé kò tíì pé 20 ìṣẹ́jú tí ọkùnrin kan wá bá wọn níbẹ̀, ó múra dáadáa, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọ̀rẹ́bìnrin òun nìyí, òun ti ń wá a kiri, mọ́tò òun wà lọ́hùn-ún yẹn. Wọ́n bi í lórúkọ ọmọ náà. Ó ní ẹ ò rí i pé ó ti yó ni, ẹ jẹ́ kí n máa gbé e lọ. Wọ́n tún bi í. Ó dárúkọ kan, kì í ṣe orúkọ ẹ̀. Wọ́n bi àbúrò mi bóyá ó mọ̀ ọ́n, kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa nígbà yẹn, ó kàn ń mi orí pé rárá, ó sì di aṣọ ìyá yẹn mú gírígírí. Kí ìkejì ìyá yẹn tó fi redio ọwọ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀ tán, ọkùnrin náà ti bá kọ̀rọ̀ lọ.

Mo jókòó sínú mọ́tò, ọwọ́ mi ò lè yí kọ́kọ́rọ́. Gbogbo ìbéèrè tí mo torí ẹ̀ bínú yẹn, òun ló dúró láàárín àbúrò mi àti ọkùnrin yẹn. Ká ní ẹni tó bá ti ní òun mọ̀ ọ́n ni wọ́n ń fà á lé lọ́wọ́, àtẹ̀gùn òfìfo ni ǹ bá bá níbẹ̀. Òun ni mo ṣe ń kọ èyí. Omi tí wọ́n ń pín dáa, sílípáàsì dáa, ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ń fún wọn ní máàkì ni pé wọn kì í fi èèyàn sílẹ̀ títí wọ́n á fi mọ ẹni tó ń gbé e lọ, àti pé ẹnu ẹni tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́ ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ, wọn kì í gbà á lẹ́nu ẹni tí ara ẹ̀ dá ṣáṣá.

Lẹ́yìn ìyẹn mo lọ kà nípa irú iṣẹ́ yìí, mo rí i pé ó ti ń lọ tipẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 2003 ni àwọn Street Pastors bẹ̀rẹ̀ ní Brixton ní Lọ́ńdọ̀nù, Les Isaac, pásítọ̀ kan tí wọ́n bí ní Antigua, ló dá a sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbọn àti ọ̀bẹ láàárín àwọn ọ̀dọ́ ló sì wà lọ́kàn wọn nígbà yẹn, ìgbà tó yá ni ìtọ́jú àwọn tó ń ti òde àríyá bọ̀ wá di ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ wọ́n mọ́. Ní 2005 Paul Blakey àti ìyàwó ẹ̀ Jean bẹ̀rẹ̀ Street Angels ní Halifax, ní àríwá England níbẹ̀. Ó ti wá pọ̀ báyìí, àwọn kan jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan jẹ́ ti yunifásítì, àwọn kan jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tàbí ẹ̀yin tí ẹ̀ ń bẹ̀rù pé wọ́n máa wàásù fún yín, mi ò gbọ́ ìwàásù kankan ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá ní kí wọ́n gbàdúrà fún òun ni wọ́n ń gbàdúrà fún, ẹni tí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, omi ẹ̀ ni wọ́n ń fún un.

Mo ní lọ́dọ̀ wọn torí mo padà lọ. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà mo lọ dúpẹ́, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn rìn lóru ọjọ́ kan kí n lè mọ ohun tí mo fẹ́ kọ. Wọ́n fún mi ní jákẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ẹ̀yìn ni kí n máa wà, kí n má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, kí n má ya fọ́tò. Àwọn fúnra wọn kì í kàn dìde lọ́jọ́ kan kí wọ́n bọ́ sójú títì, wọ́n máa ń yẹ ìwà èèyàn wò lọ́dọ̀ ọlọ́pàá bóyá ó ti ṣẹ̀ rí, wọ́n á kọ́ ọ ní ìtọ́jú pàjáwìrì, wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tínú ń bí sọ̀rọ̀. Ẹnì kan kì í dá rìn. Báàgì tí wọ́n gbé kọ́ ẹ̀yìn, mo ní kí wọ́n tú u kí n wò ó: ike omi, sílípáàsì tí wọ́n ká pọ̀, búláńkẹ́ẹ̀tì fàdákà yẹn, ìbọ̀wọ́, tíṣù, báńdéèjì, ọ̀rá èébì, ṣájà fóònù oríṣi mẹ́ta, tọ́ọ̀ṣì, suwíìtì onígi. Mo bi wọ́n pé kí ni suwíìtì ń wá níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ní tí àwọn ọkùnrin méjì bá fẹ́ jà, tí ó bá fi suwíìtì lọ wọ́n, ó ṣòro kéèyàn máa lá suwíìtì kó tún máa bú èèyàn. Mo fojú mi rí i kílẹ̀ tó mọ́.

Ọ̀rọ̀ sílípáàsì yẹn náà, mo ti rò pé nǹkan ọ̀ṣọ́ ni. Ẹ wolẹ̀ ní àdúgbò kíláàbù lẹ́yìn aago kan òru. Àfọ́kù ìgò ni gbogbo ẹ̀. Bàtà gogoro á ti máa dun obìnrin, á bọ́ ọ sọ́wọ́, á máa fẹsẹ̀ lásán rìn, ọtí ò ní jẹ́ kó mọ̀ pé nǹkan ti gé òun lẹ́sẹ̀.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ti ọmọkùnrin kan tó sùn gbalaja lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́ta dúró tì í, wọ́n ń fi fóònù ya á, wọ́n ní ẹ fi sílẹ̀ jàre, ẹ jẹ́ ó sùn, á dá lójú ẹ̀ tó bá jí. Ìyá yẹn kan náà, ìyá ti àbúrò mi, kúnlẹ̀ tì í. Ó pè é létí ọ̀tún, ó pè é létí òsì, ó fún un léjìká gbọn-in. Ọmọ yẹn kàn kùn ni. Ó gbé ọwọ́ ẹ̀ lé e láyà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí aago ọwọ́ ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka èémí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Mo bá a ń kà á nínú. Ìṣẹ́jú kan péré ni, àmọ́ ìṣẹ́jú kan gùn tí èèyàn bá ń dúró kí èémí kan wọlé kí òmíì jáde. Ó ka 7. Ó yíjú sí ìkejì ẹ̀, kò sọ ju "pè wọ́n" lọ, ìyẹn ti ń pe áńbúláǹsì.

Ó yí ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ká orókún ẹ̀ kan síwájú kó má baà yí dojú délẹ̀, ó gbé àgbọ̀n ẹ̀ sókè díẹ̀, ó dojú ẹ̀ kọ ilẹ̀ díẹ̀. Kò tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi bì. Gbogbo ẹ̀ ṣàn jáde sórí ilẹ̀. Ìyá yẹn wo àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, kò bínú sí wọn o, ó ní, "Ẹ rí i bó ṣe jáde yẹn, ká ní ó ṣì nà gbalaja, inú ẹ̀dọ̀fóró ni ì bá padà sí." Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níbẹ̀. Wọ́n ò ya nǹkan kan mọ́.

Ó kọ́ wa níbẹ̀, èmi náà fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Tí ẹni tó mutí bá ń mí tí kò tó ẹ̀ẹ̀mẹjọ ní ìṣẹ́jú kan, tàbí tí ó bá dákẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ láàárín èémí kan sí òmíì, tàbí tí ara ẹ̀ bá tutù, tí ètè ẹ̀ ń dúdú bí ẹni ya àwọ̀ aró, tàbí tí ẹ bá ń jí i tí kò jí, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní oorun, ẹ pe áńbúláǹsì. Kó tó dé ẹ má fi sílẹ̀, ẹ má sì ní kó lọ sùn sí yàrá. Ọtí téèyàn ti gbé mì ṣì ń wọnú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tó ti gbé ife sílẹ̀, torí náà ẹni tó ń rìn nígbà tí ẹ gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì lè burú sí i ní wákàtí kan sí i. Kọfí ò lè ṣe nǹkan kan fún un, ńṣe ló máa lajú sílẹ̀ tí ọtí ṣì wà nínú ẹ̀. Omi tútù téèyàn dà sí i lórí tún burú, ọtí máa ń jẹ́ kí ooru ara sá jáde láti awọ ara, ara ẹ̀ á máa móoru lójú tiẹ̀ tí inú lọ́hùn-ún sì ń tutù lọ, òun ni wọ́n ṣe ń gbé búláńkẹ́ẹ̀tì yẹn kiri. Ẹ̀dọ̀ ló ń tú ọtí ká, ẹ̀dọ̀ kì í sì í kánjú fún ẹnikẹ́ni.

Ohun kan tún wà tí mi ò rò rí. Wọ́n ní gbogbo ẹni tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ kọ́ ló mutí. Ṣúgà tó lọ sílẹ̀ lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè jẹ́ kó máa kólòlò kó máa làágùn kó máa bínú bí ọ̀mùtí. Ẹni tó ṣubú tó forí gbálẹ̀, ẹni tí wárápá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù, gbogbo wọn lè jọ ọ̀mùtí lójú ẹni tí kò bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n. Wọ́n máa ń wo ọrùn ọwọ́ èèyàn bóyá ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n kọ àìsàn ẹ̀ sí wà níbẹ̀. Mo rò gbogbo ìgbà tí mo ti kọjá lára ẹni tó sùn sílẹ̀ rí tí mo ní ọtí ló pa á.

Ẹni tí wọ́n bá sì fi nǹkan sínú ohun mímu ẹ̀, ẹ tètè gbé e lọ sọ́síbítù, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, torí àwọn oògùn kan bíi GHB kì í pẹ́ nínú ìtọ̀ ju nǹkan bíi wákàtí 12 lọ, tó bá di ọ̀la ẹ̀rí ti lọ. Kì í sì í ṣe oògùn nìkan, ọtí líle tí wọ́n dà kún ife èèyàn láìjẹ́ kó mọ̀, ohun kan náà ni wọ́n ṣe sí i yẹn.

Ọ̀rọ̀ ti yíyọ ìràwọ̀ kan wá kù.

Àkọ́kọ́ ni aago. Àwọn tiwa máa ń ṣíwọ́ ní aago mẹ́ta òru, aago mẹ́rin ni ilé àríyá tó tóbi jù níbẹ̀ ń ti ilẹ̀kùn. Wákàtí kan yẹn gan-an ni gbogbo èèyàn ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, mọ́tò ò ní tó, ìjà á bẹ̀rẹ̀, àwọn bíi ti ọkùnrin ọjọ́ yẹn náà sì mọ àsìkò yẹn. Àwọn Street Pastors ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń wà níta láti nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ títí di mẹ́rin ìdájí. Mo bi olórí wọn, ó ní àwọn ò pọ̀ tó, pé ẹni tó máa jáde lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni àwọn ń wá, àwọn ò rí i. Mo gbọ́, mo sì gbà pé òótọ́ ni, síbẹ̀ mo ṣì yọ ìràwọ̀ yẹn, torí ká ní aago mẹ́ta ààbọ̀ ni wọ́n ti àbúrò mi síta ńkọ́?

Èkejì, àwọn èèyàn ò mọ̀ wọ́n. Àbúrò mi ò mọ̀ pé wọ́n wà, àwọn ló rí i. Kò sí nọ́ńbà wọn ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kíláàbù kankan tí mo wọ̀. Ní 2016 ní Lincolnshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ohun kan tí wọ́n ń pè ní Ask for Angela, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pé tí ẹni tí o bá jáde bá ń bà ọ́ lẹ́rù, lọ bá ẹni tó ń ta ọtí, kí o ní Angela lò ń wá, wọ́n á mọ ohun tí ò ń sọ, wọ́n á mú ọ gba ibòmíì jáde tàbí kí wọ́n pe ọkọ̀ fún ọ. Ó ti dé ìlú púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò wúlò àfi tí ọmọ tó ń ta ọtí lálẹ́ ọjọ́ yẹn bá mọ̀ ọ́n, tí wọ́n bá gba òṣìṣẹ́ tuntun lánàá tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún un, ọmọbìnrin á débẹ̀ á ní Angela, wọ́n á ní kò sí Angela níbí. Ìwé lẹ́nu ọ̀nà ò tó, kí wọ́n kọ́ èèyàn.

Ẹ̀kẹta kéré sí ìyẹn, àmọ́ mo rí i. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wọn ń wọ sílípáàsì fún ọmọbìnrin kan, ó wá ní irú aṣọ wo lo wọ̀ jáde nínú òtútù yìí. Ọmọbìnrin yẹn fa ẹsẹ̀ ẹ̀ sẹ́yìn lójú ẹsẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ mọ́, ó dìde ó ń lọ. Olórí wọn ló sáré tẹ̀ lé e tó bẹ̀ ẹ́. Ó pe ọ̀dọ́kùnrin yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, mi ò gbọ́ ohun tó sọ fún un, ìgbà tó padà dé kò sọ̀rọ̀ aṣọ mọ́ títí a fi ṣíwọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó lé èèyàn sá fún ìrànlọ́wọ́ ti ba iṣẹ́ alẹ́ yẹn jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó fi ìdájọ́ sílẹ̀ nílé.

Ẹ̀yin tó ń jáde lálẹ́ tàbí tí ọmọ yín ń jáde, ẹ fi nọ́ńbà ẹnì kan sórí, sínú orí gan-an, kì í ṣe inú fóònù. Àbúrò mi ní nọ́ńbà tó lé ní ọgọ́rùn-ún nínú fóònù tó ti kú yẹn, tèmi tí ìyá wa fipá kọ́ ọ nígbà tó wà ní pírámárì nìkan ló wúlò lọ́jọ́ yẹn. Tí ẹ bá jọ lọ ní mẹ́fà, kí ẹ jọ dé ní mẹ́fà, ẹni tó bá fẹ́ gba atẹ́gùn kí ẹnì kan tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá sì rí àwọn tó wọ jákẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ lọ bá wọn kó tó di pé nǹkan bàjẹ́, ẹ lè ní kí wọ́n kàn bá yín dúró títí ọkọ̀ yín fi máa dé, wọ́n máa dúró.

Mo gbàgbé láti sọ, bàtà gogoro àbúrò mi tí mo ní wọ́n tò pọ̀ yẹn, mo gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ìdààmú. Ìgbà tí mo padà lọ dúpẹ́ ni ìyá yẹn gbé e jáde láti inú ọ̀rá kan, ó ti nu ẹrẹ̀ ara ẹ̀, ó ti kọ orúkọ àbúrò mi àti ọjọ́ náà sórí bébà kékeré kan tó fi sínú ẹ̀. Ó ní mo mọ̀ pé ẹnì kan á wá a wá. Àbúrò mi ní kí n bá òun kí i, pé lóṣù tó ń bọ̀ òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn, tí wọ́n bá gbà á, ẹnì kan á ti kún wọn láti wà níta títí di aago mẹ́rin.